Aago Mẹ́fà Ìrọ̀lẹ́ ní Ailegun

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lọ lù lójú ọ̀nà Ailegun l'Ékòó, eruku tí korope àti kẹ̀kẹ́ Maruwa ń tú sókè á pọ́n bí epo. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń já bọ́ nínú dáńfó kí ọkọ̀ tó dúró tán. Kọ̀ndọ́ ń pariwo, "Ìsọlọ̀! Òṣòdì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Wákàtí táwọn tó ń ya fọ́tò ìgboro ń dúró dè nìyí. Oòrùn ti rọ̀, òjìji ti gùn, kò sì sẹ́ni tó ráyè dúró ṣe ojú fún kámẹ́rà. Ní ilé fọ́tò, a ó jókòó, a ó na ọrùn, a ó gbé ọwọ́ lé itan. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló kún ara ògiri àwọn òbí wa, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọmọ tí a bá bí lọ́la bí wọ́n ṣe ń lé ọkọ̀ ní Ailegun, tàbí bí obìnrin ṣe ń fi ọwọ́ kan gbá ọmọ ẹ̀yìn mú, tó ń fi èkejì ka owó.

Ìyá kan ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó bu ẹ̀wà lílọ̀, ó dà á sínú epo, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí, kò tilẹ̀ wo ohun tó ń ṣe. Oòrùn gba inú èéfín kọjá, ó bà lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọkùnrin kan gbé kámẹ́rà sókè, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ! Má sínápù mi o! Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Kò bínú lásán. Ẹni tó bá ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà l'Ékòó mọ̀ pé ẹni tó wá wò ló ń ṣáájú ẹni tó wá wó. Òṣòdì kò jìnnà síbí, àwọn tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá wó ìsọ̀ wọn níbẹ̀ ní January 2009 kò tíì gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ń rìn ju ẹni tó ni ojú lọ lóde òní.

Mo máa ń rántí ayàfọ́tò Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford lọ́dún 1946, tó ń gbé ní Berlin, tó sì ti ń fi ẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Rolleiflex ló ń lò. Kámẹ́rà yẹn, àyà ni a ń gbé e sí, a ó sì tẹrí ba ká tó rí ohun tó wà níwájú. Kì í ṣe ohun tí a ń nà sí ojú èèyàn. Mo gbà pé ìrìn pẹ̀lẹ́ àti orí títẹ̀ba yẹn wà lára ohun tó mú kí iṣẹ́ rẹ̀ rí bó ṣe rí.

Ọmọkùnrin wa náà tẹrí ba. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ló wù mí."

"Ṣé kì í ṣe káńsù ló rán ẹ?"

"Rárá o, mà." Ó ra àkàrà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó fi fọ́tò náà hàn án.

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Àbí èmi náà fẹ́ di Olajumoke ni?" Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn yẹn: oníbúrẹ́dì tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, tó bọ́ sínú fọ́tò tí TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah lọ́dún 2016, tó sì di ẹni tí gbogbo ìlú ń wá. Ṣùgbọ́n ìyá náà tún wo fọ́tò ara rẹ̀, ó yínmú. "Irú ojú wo nìyí? Dúró ná." Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó tún gèlè wé, ó dúró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Ọmọkùnrin náà yà á. Ní tèmi, ti àkọ́kọ́ ni fọ́tò. Inú rẹ̀ ni Ailegun wà. Ṣùgbọ́n ojú ẹni ni ojú ẹni, bí ìyá náà bá ní kó pa á rẹ́, ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ pa á rẹ́.

"Ṣé kí n pa tàkọ́kọ́ rẹ́, mà?"

Ìyá náà yí àkàrà padà nínú epo kó tó dáhùn. "Jẹ́ kó wà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo wé gèlè sí ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp."