Láti Pápákọ̀ Òfurufú dé Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ròyìn ìrìn-àjò kan fún yín. Àbúrò mi obìnrin gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù márùn-ún, ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ìwópin létí ọ̀sà. Kò tíì fojú kan ọmọ náà rí, ara màmá kò sì le mọ́.

Mo háyà ọkọ̀ kan lọ pàdé wọn ní Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Nígbà tí awakọ̀ gbọ́ Ìwópin, ó ní owó tí a jọ fẹnu kò sí kò kọjá Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí pé “apá Ìjẹ̀bú” ni mo wí fún un, n kò dárúkọ ìlú. A dúnàá-dúrà títí, ọmọ ń ké nínú ooru, aago mẹ́rin sì ti lù kí a tó gbéra.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ni a gbà dé Ṣágámù, kí a tó yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a débẹ̀. Awakọ̀ fẹ́ máa bá ọ̀nà lọ. Àbúrò mi ń sunkún pé màmá ń retí wa. Mo kọ̀ jálẹ̀. Abiyamọ kì í fi òru rin ọ̀nà tí kò mọ̀. A darí sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sí ilé bàbá wa ní Òjòwò. Wọ́n fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ, wọ́n fi ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná tí wọ́n fi ewùrà sè ṣe wá lálejò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a kọrí sí apá ọ̀sà. Bí a ti ń lọ ni afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́ sí wa lára. Ní Ìwópin, omi tẹ́ lọ bí ẹní, àwọn apẹja ń tu ọkọ̀, òórùn ẹja yíyan sì gba etí omi kan. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gba ọmọ lé itan, ó ń kì í ní oríkì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò béèrè ìdí tí a fi pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un. Ẹ dárúkọ ìlú tí ẹ ń lọ gan-an fún ọlọ́kọ̀, kí ẹ sì kọ iye owó sílẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ará ilé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi, bí ooru tilẹ̀ mú. Ẹ máa fún un lọ́mú léraléra. Ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú bá yín lọ́nà, ẹ wá ibi sùn.

Òru kan tí a fi sùn ní Òjòwò kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Màmá rí ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àlàáfíà.