Ẹrù Inú Ilé Ju Òrùlé Lọ

Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọba tí ó gbọ́n yóò ti kó adé àti ìlẹ̀kẹ̀ jáde kí iná tó ràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká ilé wa ní Lákọ̀wé, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, fẹ́ gba ètò ìdarí tuntun.

Kọ̀ǹpútà náà ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Òun ni àwọn ọmọ fi múra ìdánwò, òun ni ìyá wọn sì fi ń ṣe ìṣirò ọjà. Windows 10, tí ó jáde ní 2015, ni ó ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún un. Windows 11 ńkọ́? Ẹ̀yà ààbò tí à ń pè ní TPM 2.0 ni ó ń béèrè, ẹ̀rọ wa kò sì ní in. Ẹ̀rọ kò kú, kò ṣàìsàn. Àṣẹ òkèèrè ni ó sọ ọ́ di arúgbó.

Ṣé kí a wá sọ ọ́ nù ni? Rárá o. Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí à ń pè ní Linux Mint kì í wúwo fún ẹ̀rọ àgbà. Òun ni a gbé sórí fílàṣì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ nìyí. Bí a bá pa ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́ láti fi àyè gba ètò tuntun, gbogbo ẹrù ilé ni yóò bá a lọ. Nínú ẹ̀rọ yìí ni ohùn ìyá mi wà: oríkì ìdílé wa tí wọ́n kì ní 2016, ọdún méjì kí wọ́n tó re ibi àgbà ń rè. Bí Windows bá sọnù, a ó rí i rà; bí Linux bá sọnù, a ó tún un gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ta ni a ó ti tún ohùn ìyá mi gbà?

Nítorí náà, mo ṣe ẹ̀dà méjì. Mo tẹ́tí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé òpin, nítorí ẹ̀dà tí a kò gbọ́ kò tíì di ẹ̀dà. Ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni a tan jẹnẹrétọ̀: bátìrì ẹ̀rọ ti kú, iná mọ̀nàmọ́ná kì í sì í dágbére kí ó tó lọ. Bí ó bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ lè má dìde mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yan àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá, tí ó wà nínú Linux lábẹ́ Nàìjíríà, kí ẹ, ọ àti ṣ lè jáde bí ó ti yẹ. Ilé tuntun tí kò gba èdè onílé, àlejò ni onílé níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kó ìjálá, oríkì àti ìtàn tí a gbà lẹ́nu àgbà sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ètò ìdarí dà bí òrùlé. A lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà. Ẹni tí ó bá ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ilé ẹlòmíràn.