Kọ́ọ̀sì Kan Ṣì Kù Nígbà Tí Mo Kọ Fọ́ọ̀mù

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́rìí sí yìí, àwọn tó sún mọ́ mi jù lọ gan-an kò mọ̀ ọ́n tán. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá bi mí pé ìgbà wo ni mo máa wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, èsì kan náà ni mo ń fún un: "Ẹ jẹ́ kí n parí àwọn kọ́ọ̀sì mi ná." Ta ló máa bá ọmọ èèyàn jà pé ó fẹ́ parí ohun tó dáwọ́ lé? Àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti gba dìgírì nílé kí n tó wá sí Amẹ́ríkà, mo ti di ìyá ọlọ́mọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn ò gbà mí.

Maryland ni mo ń gbé. Iṣẹ́ GNA ni mo ń ṣe. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa tí à ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú níbí nìyẹn. Iṣẹ́ alẹ́ ni. Àwa là ń wẹ̀ wọ́n, àwa là ń fún wọn lóúnjẹ, àwa là ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí wọn lára. Lóru ọjọ́ kan, mo rí i pé gìgísẹ̀ màmá òyìnbó kan pọ́n. Mo fi ìka tẹ ibẹ̀, mo sì mú ìka kúrò. Ó yẹ kí ojú ibẹ̀ funfun díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n pípọ́n náà kò yí padà rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orí tó dá lórí awọ ara nínú Anatomy and Physiology apá kìíní ni, mo sì mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ awọ yẹn: ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá dáadáa mọ́, ẹran ara ti ń jìyà. Mo fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ màmá náà sókè, mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló pe dókítà. Bí òfin ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ni mo fẹ́ máa ṣe.

Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà ilé-ìwé nọ́ọ̀sì rí lè má mọ bó ṣe gùn tó. Anatomy and Physiology méjì, Microbiology, statistics, psychology, English: ó di ìgbà tí èèyàn bá ṣe irú ìwọ̀nyí kí ilé-ìwé tó gbọ́ tiẹ̀. Ìdánwò TEAS tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè, ìbéèrè 170 láàárín ìṣẹ́jú 209. Dìgírì tí mo gbé wá láti ilé dín kọ́ọ̀sì díẹ̀ kù fún mi, kò dín sáyẹ́ǹsì kankan kù. Sáyẹ́ǹsì yìí sì máa ń gbó mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn ilé-ìwé kan kì í gba èyí tó bá ti lé ní ọdún 5, àwọn míì á ní ọdún 7. Ẹni tó ń mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní sáà kan nítorí iṣẹ́ àti ọmọ, bó bá fi máa parí ti ìkẹyìn, ti àkọ́kọ́ lè ti fẹ́ gbó.

Ó ku Microbiology àti Anatomy and Physiology apá kejì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ìyá Tọ́mi, fọ́ọ̀mù ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n parí ná."

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọn ò ní gba kọ́ọ̀sì tó ṣì ń lọ lọ́wọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ̀wé sí ilé-ìwé méjì. Èkíní ní gbogbo sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ti parí kí gbèdéke tó pé. Èkejì ní àwọn fàyè gba ọ̀kan tó ṣì wà lọ́wọ́, bí mo bá ti máa parí rẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, tí máàkì mi ò sì wálẹ̀ ju B lọ. Ṣùgbọ́n póńtì ni wọ́n fi ń yan èèyàn, kọ́ọ̀sì tí kò bá tíì parí kò sì ní póńtì kankan. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Anatomy ló ní póńtì jù nínú ìṣirò wọn, nítorí náà òun ni mo kọ́kọ́ gbájú mọ́, mo sì fi Microbiology sí sáà tí fọ́ọ̀mù máa jáde.

Bàbá Tọ́mi bi mí pé, "Bí wọn ò bá gbà ẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "Màá tún kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀." Ó di ọjọ́ yẹn kí ọ̀rọ̀ náà tó lè jáde lẹ́nu mi. Òun ló ń mójú tó àwọn ọmọ ní gbogbo Sátidé kí n lè ráyè kàwé TEAS. Mi ò sọ fún màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ẹgbẹ́ wọn á gbàdúrà sí i, ojú á sì tì mí bí kò bá bọ́ sí i.

Mo kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé kejì yẹn, lẹ́tà wọn sì dé nígbà tí Microbiology ṣì ń lọ lọ́wọ́: wọ́n gbà mí, bí máàkì bá ti pé. Ó pé, ògo ni fún Ọlọ́run. Mo ti wà ní sáà kìíní báyìí.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tí ìwé sì wà nínú báàgì yín, ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé tí ẹ fẹ́, kí wọ́n fi ìwé fún yín lésì: ṣé wọ́n ń gba kọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́, èwo ló ní póńtì jù, ọdún mélòó ni sáyẹ́ǹsì yín fi wúlò? Bí póńtì yín bá máa lé sí i dáadáa tí ẹ bá dúró di sáà kan, ẹ dúró. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń dá yín dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà lọ́dún yìí.