Àwọn Tó San Owó Ọkọ̀

Nígbà èwe mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọmọ kan bá ń lọ kàwé nílùú òyìnbó, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Wọ́n á ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ló rán Lágbájá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló gbé ti Lámọrín, àbúrò bàbá ẹlòmíràn tó ń ṣòwò ní Gánà ló ní kó máa lọ. Ọmọ náà mọ ẹni tó jẹ ní gbèsè kó tó wọkọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ bó ṣe rí, nítorí owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun ti wá di owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ olówó rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibí ti ń gba ọ̀nà náà. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1826. Míṣọ́nnárì ló mú un lọ láti Sàró, Islington ló ti kàwé, kó tó padà sí Sàró lọ́dún kejì. Lọ́dọ̀ tiwa, N. D. Oyèrìndé, tí wọ́n ń pè ní Púròfẹ́sọ̀, kàwé ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì kọ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tó jáde ní 1934. Ládòkè Akíntọ́lá gba sikọ́láṣíìpù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1946. Nígbà tó fi máa di 1950, ó ti di lọ́yà. Orúkọ rẹ̀ ni fáfitì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990 ń jẹ́ lónìí.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ní St. Andrew's, ọgbà tí Fáfitì Ajayi Crowther wà báyìí. Níbẹ̀ ni Adékúnlé Ajásin ti kàwé láti 1924 sí 1927, òun tó wá jókòó ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Bí ìwé ìròyìn bá ti gbé orúkọ àwọn tó gba sikọ́láṣíìpù ìjọba jáde, a ó pé lé e lórí, ẹnì kan á máa kà á sókè, àwa yòókù á máa tẹ́tí bóyá a ó gbọ́ orúkọ ará ìlú wa. Olùkọ́ wa kan kì í jẹ́ ká gbàgbé ibi tí owó náà ti ń wá. Àjọ tó ń ra kòkó máa ń ra á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó dín sí ti ọjà àgbáyé, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìjọba ń fi kọ́ ilé-ìwé, tó sì fi ń rán ọmọ lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣu, ọkà bàbà àti gbágùúdá là ń gbìn. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Àgbẹ̀ ará Oǹdó tàbí Ìbàdàn tí kò mọ ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ná owó lé ọmọ wa lórí, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ a yàtọ̀ sí b. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá gbà á fi gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé pé òun yóò padà wá sin ìjọba fún ọdún mélòó kan. Kò sẹ́ni tó ka ìwé náà sí ìyà.

Ní tilé wa, Tàmálè ní Gánà ni owó ti wá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ jọjọ ní Gánà nígbà náà, wọ́n ń ta aṣọ àti wọ́ṣíwọ́ṣí káàkiri Kùmásí àti òkè ọ̀hún. Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Òun ló ní kí àbúrò mi lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpótí páànù kan ló gbé lọ, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Màmá wa kó gààrí àti èlùbọ́ sábẹ́ kóòtù tuntun. Ọkọ̀ ojú omi Aureol ló wọ̀ l'Ékòó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé Liverpool.

Ó kù díẹ̀ kó parí ni ìjọba Busia pàṣẹ, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bàbá tó ń sanwó padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tó lè gbé. Ẹbí pe ìpàdé. Màmá wa kó àjọ rẹ̀ ṣáájú àsìkò, ìjọ dá owó, àwọn ọmọ ìyá bàbá mi mú tiwọn wá. Ìwé àmúlò ọmọ iléèwé kan, eléèpo búlúù, ni bàbá tó ti Tàmálè dé ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ lọ́wọ́ òsì, iye owó lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ṣílè méjì péré ni wọ́n mú wá. Nígbà tí àbúrò mi dé, wọ́n ka ìwé náà sí i létí láti òkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó san án padà. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ, láti ilé àwọn tó wà nínú ìwé yẹn, tí òun ló san owó iléèwé wọn.

Nígbà tó yá, òfin 1993 dá owó-orí ẹ̀kọ́ sílẹ̀: títí di òpin 2025 ni ilé-iṣẹ́ fi ń san án nínú èrè wọn, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́ta ní 2023. Lára rẹ̀ ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń pín owó náà, ti máa ń rán olùkọ́ fáfitì ìjọba lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé lókè òkun. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, wọ́n dá ti òkè òkun dúró. Ìdí méjì ni wọ́n mú wá: dọ́là ti wọ́n jù, ọ̀pọ̀ tó lọ kò sì padà. Ní 1980, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ; nígbà tí 2024 ń parí lọ, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Lọ́dún 2025 náà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde òpin sikọ́láṣíìpù tí ìjọba fi ń rán ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò àti ibòmíràn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ọ̀hún ti ké títí pé owó oúnjẹ àwọn kò dé.

Mo mọ bí ó ṣe ń rí kí owó já sọ́mọ lójú ọ̀nà. Àbúrò mi rí ẹbí tó pe ìpàdé. Ta ló pe ìpàdé nítorí àwọn wọ̀nyí?

Àwọn kan ní kí a jáwọ́ pátápátá, pé ohun gbogbo ti wà nílé. N kò gbà. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fojú kan ibi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, kó fọwọ́ kàn án, kó tó lè kọ́ ọmọ wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba má rán ẹnikẹ́ni lọ láìjẹ́ pé owó rẹ̀ títí dé òpin ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n tún yàrá ìwádìí ṣe, kí iná wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá padà wá lè rí iṣẹ́ ṣe. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ọmọ tí ọ̀nà bá já mọ́ lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ, tí ẹ kò sì padà, mo mọ̀ pé ilé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fi lọ jáde láti inú òógùn ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá lè wá sin ìlú, ẹ dá owó náà padà, kí ọmọ mìíràn rí i lò. Gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.