Àdúrà Wo Ló Wà Nínú Fìríìjì?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ ní ìlú tí ẹ ń gbé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi òní bá wí jù lọ.

Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó níbí ní Jọ́ọ̀sì, mo ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n bá mi kọ ìwé ẹrù ìdána. Ìwé náà dé, ó kún ojú ewé méjì. Iṣu 42, obì 42, orógbó 42, ataare, oyin, iyọ̀, epo, ẹja gbígbẹ. Ìwọ̀nyẹn kò yà mí lẹ́nu. Nísàlẹ̀ ni mo ti rí fìríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọkọ ìyàwó bẹ́ẹ̀. N kò yọ nǹkan kan kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà wá bá mi. Tíṣà ni, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọdún méjì sí i." N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ṣé mo ń fọ́mọ fọ́kọ ni, àbí mo ń tajà?

Ilẹ̀ mọ́, mo pe àbúrò bàbá mi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ẹrù náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní obì, kí ó bi ibi sẹ́yìn; orógbó, kí tọkọtaya gbó, kí wọ́n tọ́; ataare, kí ilé wọn kún fọ́mọ bí ikùn ataare ṣe kún fọ́mọ; oyin àti iyọ̀, kí ayé wọn dùn. Wọ́n ní àdúrà ni gbogbo rẹ̀.

Mo wá bi wọ́n pé, "Bàbá, àdúrà wo ló wà nínú fìríìjì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Fa igi lé e."

Látijọ́ pàápàá, ẹrù náà kò pọ̀ tó báyìí. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, obì, owó àti aṣọ ni ó dárúkọ fún ìdána.

Lọ́jọ́ ìdána, alága ní kí ọmọ mi mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n kó wá. Bíbélì ló mú, òrùka sì wà lára rẹ̀. Mo rántí Rèbékà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 24: àwọn ará ilé rẹ̀ ti gba ẹ̀bùn olówó iyebíye, síbẹ̀ wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n bi í bóyá yóò lọ. Ẹ̀bùn kò gba ẹnu ọmọ náà.

Nígbà tó kan owó orí, mo dá a padà fún ẹbí ọkọ gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti ṣe fún àwọn àbúrò mi obìnrin. Mo ní a kò ta ọmọ wa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, nítorí mo mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí n tà á.

Ẹ̀yin òbí tó wà lájò, mo mọ ohun tó ń ṣe wá. A kò fẹ́ kí wọ́n sọ nílé pé a ti gbàgbé àṣà, a sì ń fi ẹrù lé ẹrù. Ẹ jẹ́ ká pa àṣà mọ́, ká sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ ka ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé: àdúrà wo ló wà nínú rẹ̀? Èyí tí kò bá ní, ẹ fa igi lé e.

Kí Olúwa fi ìdílé rere fún àwọn ọmọ wa. Àmín.