Ilẹ̀ Líle Abẹ́ Ọdán

Ọ̀pọ̀ nínú yín bi mí lọ́jọ́ ọdún pé báwo la ṣe ṣe é tí koríko fi hù lábẹ́ igi ọdán ojúde wa n'Ìbàdàn, níbi tí ilẹ̀ ti le bí òkúta látọjọ́ pípẹ́. Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ koríko lọ.

Omi Ìyá Àgbà ló bí i. Láràárọ̀ ni Ìyá máa ń ta omi tútù sílẹ̀ níwájú ojúbọ kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, omi náà ò wọlẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti dà á, á ṣàn gba ìdí ọdán kọjá, ó di inú gọ́tà. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Wá wò ó, ilẹ̀ ò mumi mọ́. Ta ni mo wá ń bu omi fún?" N ò rí èsì fún wọn.

Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé, ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé l'Ékòó ní àwọn á ra sìmẹ́ǹtì, ká da kọnkéré sí gbogbo ojúde, ká sì gé ọdán kúrò kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa la kọnkéré náà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, torí ẹrẹ̀ ti yọ àgbà méjì ṣubú níbẹ̀ nígbà òjò. Ìyá ò bá wọn jà. Wọ́n kàn ní, "Bí ẹ bá fi kọnkéré bo Ilẹ̀ lójú, níbo lẹ ó ti máa bá a sọ̀rọ̀?" Ilé dákẹ́. Ibi tí ìpàdé wá parí sí ni pé kí n fi òjò ọdún kan tún ibẹ̀ ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí sìmẹ́ǹtì máa bọ̀, kí ọdán máa lọ.

Kí ló mú ilẹ̀ náà le? Ẹsẹ̀ wa ni. Ibẹ̀ là ń jó lọ́dọọdún, ibẹ̀ là ń ta àtíbàbà sí, ibẹ̀ ni mọ́tò àlejò ń sùn. Ilẹ̀ tó dáa ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ títí, ihò á dí, omi á dúró sójú, gbòǹgbò ò ní rí èémí. Ibòòji ò mú ilẹ̀ le o, àmọ́ kì í jẹ́ kí koríko lágbára tó láti fara da ẹsẹ̀. Bí koríko bá sì ti kú tán, òjò á máa na ilẹ̀ ní ìhòòhò, á tún máa le sí i.

Mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo gbẹ́ kòtò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, mo da omi kún un lálẹ́. Ilẹ̀ mọ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo mú irin tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń tì í bọlẹ̀ káàkiri. Ibi tó bá ti kọ irin, mo sàmì sí i.

A ò kàn gbé dígà le Ilẹ̀ lórí. A ta omi, a da obì, obì yàn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá mú ọ̀pá wọn, wọ́n ń tọ́ka ibi tí wọ́n sin ibi àwọn ọmọ ilé sí: "Tìẹ nìyí. Ti bàbá rẹ nìyẹn lọ́hùn-ún." N ò mọ̀ ọ́n rí. Gbogbo ojú ibẹ̀ la fi òkúta yí ká, dígà ò débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Kò sí koríko tó ń gbé inú òkùnkùn. A ò gé ọdán, ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ àti èyí tó ti gbẹ la gé, kí oòrùn lè máa yọjú wọlé. Mo jókòó ti aago, mo ń wò ó. Ibi tí oòrùn ń dé fún nǹkan bíi wákàtí 4 lóòjọ́ la yàn fún koríko. Ìdí igi gan-an, níbi tó ṣókùnkùn jù, a fi sílẹ̀ fún ewé ọdán kó máa bò ó.

Oṣù kẹrin la bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò. Ilẹ̀ gbígbẹ á kọ dígà, èyí tó tutù jù á di amọ̀ ìkòkò. Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fún un lọ́wọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ra bí èbà, ẹ dúró. Bó bá ṣù, tó sì fọ́ nígbà tẹ́ ẹ fìka kàn án, iṣẹ́ yá. Níbi tó jìnnà sí igi, a tú u tó ínǹṣì 6 sí 8. Nítòsí ọdán, a ò lo dígà rárá, torí pé òkè ilẹ̀ ni gbòǹgbò tó ń bá igi wá omi pọ̀ sí. Ẹni tó bá gé wọn ń pa igi díẹ̀díẹ̀ ni. Irin olórí ṣóńṣó la fi gún ilẹ̀ láàárín wọn, tí a sì rọ ewé jíjẹrà sínú ihò. Ọmọkùnrin tó bá wa ṣiṣẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n gé gbòǹgbò yìí, ó ń dí mi lọ́wọ́." Mo ní, "Ìwọ lò ń dí i lọ́wọ́, ọmọ mi. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

Ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀ la pò mọ́ ilẹ̀ náà. Tútù ìgbẹ́ adìẹ máa ń jó gbòǹgbò. Àwọn kan ní ká da yanrìn sí i, mo kọ̀. Yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀, bíríkì ló ń dà, ewé ló ń tú amọ̀. A ò kó ilẹ̀ lé gbòǹgbò ọdán lórí ju ínǹṣì 1 lọ, a ò sì jẹ́ kó kan ara igi, torí ohun tó bo gbòǹgbò jù á sé e léèémí. A wá fi ráákì tẹ́ gbogbo rẹ̀, ó dà díẹ̀ kúrò lápá ilé. A jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, a kún ibi tó rì, a tu èpò tó yọ.

Koríko tí wọ́n ń pè ní Bahama, oòrùn ló fẹ́, kì í pẹ́ lábẹ́ igi. Carpet grass la gbìn, ọlọ́wọ́ ewé gbẹẹrẹ tó ń rá nílẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń rí lábẹ́ ọ̀pẹ. A fi ínǹṣì 6 sí àárín ìdí kan sí èkejì, a sì ń bomi rin ín nígbà tí òjò bá dá. A kì í gé e mọ́lẹ̀, a ń jẹ́ kó ga tó ínǹṣì 3, torí ewé ló fi ń jẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó rí. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹsàn-án, ó ti pàdé ara rẹ̀. Omi Ìyá ń wọlẹ̀. Igun kan lẹ́bàá ògiri ò gbà títí dòní.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? A ò lè ní kí ẹsẹ̀ má rìn nínú agboolé. Mo wo ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà, a sì to òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀ láti géètì dé ojúbọ. Owó sìmẹ́ǹtì ẹ̀gbọ́n wa la fi rà á. Wọ́n kọ́kọ́ rojú, ṣùgbọ́n nísinsìnyí àwọn gan-an ló ń lé ọmọdé kúrò lórí koríko. Ojú agbo ijó, a ò fọwọ́ kàn án. Ibi tí àwọn baba wa fẹsẹ̀ lù títí tó fi le, ẹ jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀. Ijó fẹ́ ilẹ̀ tó dúró.

Ilé tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lójò tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó wá dígà, ẹ wá àwọn àgbà yín, kí wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka ohun tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè dìde. Dígà kì í tán lọ́jà. Ilẹ̀ á gbè wá o, ẹsẹ̀ wa ò ní kọ̀ lórí rẹ̀. Àṣẹ.