Ládípọ̀: Ọjà tí Onímọ́tò Ti Ń Mọ Mọ́tò Rẹ̀

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Òṣòdì tó forí lé ọ̀nà Àpápá kò ní í pẹ́ kan Ládípọ̀. Kò dìgbà tó bá bi ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn mọ́tò tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bọ́ḿpà tí wọ́n so kọ́ sókè bí ẹni so aṣọ títà, ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì dúdú ń kán lára wọn sórí pákó, gbogbo wọn ni yóò sọ fún un pé ó ti dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Èkó. Ìjọba Ìbílẹ̀ Múṣin ni ọjà náà wà. Àwọn aláàárù ń gbé gíá-bọ́ọ̀sì lé èjìká, àwọn ọmọ ìta ṣọ́ọ̀bù ń ké sí oníbàárà, ariwo irin kò sì dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn èdè yóò rí nǹkan kó nínú ọjà yìí. Ọlá di ọ̀pọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ohun gbogbo ibẹ̀ sì di ọ̀pọ̀ lóòótọ́. “Tòkunbọ̀,” orúkọ tí àwọn baba wa ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó sì bọ̀ wálé, ti di orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilẹ̀ òkèèrè kó tó bá ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ Íbò ló pọ̀ jù nínú àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Yorùbá, Íbò àti pijin ni wọ́n fi ń dúnàádúrà, nígbà mìíràn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Èmi àti àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, la jọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan. Aṣọ ni Àǹtí ń tà ní Gbági, Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fi Toyota Corolla ọdún 2005 wọn lọ kó ọjà l'Ékòó. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń wakọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ ara wọn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹkáníìkì àdúgbò gba owó pọ́lọ́ọ̀gì tuntun lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, tí ẹlòmíràn tú u wò, ni wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti àtijọ́ ṣì ló wà níbẹ̀.

Owó náà dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó dùn wọ́n jù ni wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi dá dúró lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá fìrì-fìrì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọ̀nà ti ń bà wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ pé àwọn yóò ta mọ́tò náà. Bí wọ́n bá sì tà á, owó tí wọn yóò máa san fún akẹ́rù ni yóò jẹ èrè aṣọ tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó bá fẹ́ lọ Ládípọ̀, ẹ mú nǹkan mẹ́ta dání. Èkíní ni ẹ̀yà ara tó ti gbó náà gan-an, nítorí orúkọ lásán lè ṣini lọ́nà, ṣùgbọ́n bí a bá gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú yóò ṣe ìdájọ́. Èkejì ni nọ́ńbà ṣaásí ọkọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a lè kà á láti ìta, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ẹ̀kẹta ni sùúrù. Ẹ bèèrè iye ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó yọ owó, iye gidi yóò fojú hàn fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ra pọ́lọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ kò kánjú tà. Ó gba mẹ́rin àtijọ́ tí Àǹtí wé sínú ìwé ìròyìn, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

“Mọ́mì, ẹ wo ẹnu wọn,” ó fi Yorùbá tó já gaara sọ ọ́. “Bó bá ní àwọ̀ bíi bisikíìtì, ara ẹ́ńjìnnì le. Bó bá dúdú, tó gbẹ bí èédú, epo ti ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ yẹ fílítà wò. Bó bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ wá ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì dáadáa.”

Dúdú gbígbẹ ni ti Àǹtí. “Níbo ni fílítà yẹn wà lára mọ́tò mi?” ni wọ́n bèèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ sọ pé “ẹ má bínú o, obìnrin ni mí.” A ra fílítà, a ra pọ́lọ́ọ̀gì, a ra sípánà nọ́ńbà 10 àti sípánà pọ́lọ́ọ̀gì nọ́ńbà 16.

Lọ́jọ́ kejì, nínú àgbàlá ilé ní Ìbàdàn, kí oòrùn tó mú, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì sì ti sinmi. Àǹtí fa gééjì yọ, wọ́n nù ún, wọ́n tì í padà dé ìdí, wọ́n tún fà á yọ. Ìgbà kejì yìí là ń kà. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Bó bá ní àwọ̀ tíì oní mílíìkì, omi ti pò mọ́ ọn nìyẹn, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde. Omi rédíétọ̀ ló kàn. Òwúrọ̀, nígbà tó tutù, là ń ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i ní gbígbóná, omi híhó ni yóò tú sí i lójú.

Bátìrì ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀ lẹ́nu wáyà. Wáyà òdì, tí àmì rẹ̀ jẹ́ −, la kọ́kọ́ ń tú, òun náà la sì ń dè kẹ́yìn, kí sípánà má baà kan irin ara ọkọ̀ kó sì ta iná. Omi tí a po béékíǹ sódà sí àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló fọ̀ ọ́ mọ́.

A wá kan pọ́lọ́ọ̀gì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń tú, tí a sì ń dá tuntun padà, kí wáyà má baà pàrọ̀ ààyè. Ọwọ́ lásán la kọ́kọ́ fi ń yí tuntun wọlé, sípánà ló ń parí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń le, kò wọlé tààrà nìyẹn, ẹ tú u kí ẹ tún un ṣe. Nígbà tí Àǹtí fa fílítà afẹ́fẹ́ jáde, eruku ọyẹ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà wo kò ṣeé sọ. Wọ́n wò ó títí. “Ohun tó ń fún ọkọ̀ mi lọ́rùn rèé,” ni wọ́n wí.

Táyà la fi kádìí rẹ̀. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kí táyà tó gbóná là ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tó ń ra táyà Tòkunbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀. 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2021. Táyà lè ní ìlà tó jinlẹ̀ síbẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ ti gbó.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti àgbàlá. Búréèkì, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀mí èèyàn tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà ló fà á. Ààbò náà, láti àgbàlá ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Àǹtí wakọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n sì kó ẹrù bọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Wọn kò sọ̀rọ̀ àti ta mọ́tò mọ́. Wọ́n ṣì ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ń lò báyìí. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá a ṣe: gbogbo ẹ̀yà tí ó bá tú kúrò, kó kó o lé àwọn lọ́wọ́.